Tòkunbọ̀ Tí Kò Rékọjá Òkun

Lórí tábìlì ilé ìdáná, lẹ́bàá ìgò òróró,
mo tẹ́ aṣọ ìnura, mo tò wọ́n lé e bí ẹni ń to ẹrù ọmọ tuntun:
àpótí dúdú, fáànù mẹ́ta, okùn iná tó lọ́ bí ìfun ẹran,
àti pátákó aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní ìyá,
nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jẹun.

Oṣù márùn-ún ni mo fi rà wọ́n,
bí owó iṣẹ́ òru bá ti wọlé, tí owó ilé bá ti jáde.
Oṣù tí gáàsì gbówó lórí, n kò ra nǹkan kan,
mo kàn ń ka ìwé tó bá ìyá wá,
mo ń kọ́ orúkọ ihò ara rẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń kọ́ oríkì ilé ọkọ.

Ní Ṣakí, èmi ni mo máa ń ya ilé.
Ilé alájà méjì tó kọjú sí òkè yẹn, ọwọ́ mi ló fa ìlà rẹ̀.
Ní Hull, bẹ́ẹ̀dì àwọn arúgbó ni mò ń tẹ́,
n kò sì sọ pé iṣẹ́ burúkú ni.
Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo gbé wá láti ilé,
bí mo bá ní kó ya àtẹ̀gùn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ
bí ẹni tí mo ní kó gùn ún.

Ọ̀gbẹ́ni Thackray, yàrá kẹsàn-án,
tó fi ọgbọ̀n ọdún tún rédíò ṣe nínú ọkọ̀ apẹja,
tí kì í rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ míì,
òun ló sọ fún mi, bí mo ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un:
“Bí o bá fẹ́ ṣahun, ṣahun lórí àpótí. Má ṣahun lórí iná.
Iná owó pọ́ọ́kú, bó bá fẹ́ kú, kì í dá nìkan kú.”
Mo gbọ́. Àpótí mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti họ.
Iná mi, tuntun ni, ó wúwo bí ọlọ.

Káàdì àwòrán nìkan ni àlòkù.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Callum, ló tà á fún mi
nínú òjò, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin,
ó fi aṣọ òtútù ara rẹ̀ wé e.
Nílé, tòkunbọ̀ ni à bá pè é.
Òkun wo ló rékọjá? Cottingham ló ti wá, bọ́ọ̀sì kan péré.
Èmi tí mo la òkun kọjá ńkọ́?
N kò tíì bọ̀. Kí là ń pe irú wa?

Ọpọlọ rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ.
Mo di èémí mú, mo gbé e sílẹ̀, ó jókòó.
Wọ́n ní kí n fi ìpara eérú tó tó hóró ẹ̀wà kan lé e lórí:
sèsé ni àbí olóyin, ìwé kò sọ.

Aago méjì òru. Mo tẹ bọ́tìnnì.
Fáànù yí. Ojú rẹ̀ ṣú dùdù.
Mo pa á, mo tún tàn án. Dùdù.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo pe ara mi lórúkọ tí ìyá mi kò sọ mí.

Àfi bí mo ṣe rántí: ìrántí!
Pẹlẹbẹ méjì tí mo kì bọ ihò,
ọ̀kan ṣì yọ díẹ̀,
bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó jókòó.
Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́,
mo tẹ̀ ẹ́ ju ibi tí ẹ̀rù ní kí n tẹ̀ ẹ́ dé,
ó ké: kẹ́.

Mo ní kó ya àtẹ̀gùn. Kò mí rárá.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Thackray pé ó ti tàn.
“Kí ló tàn?”
Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.
Ó bi mí bóyá ìdè kan ṣẹ́kù.
Mo yọ ọ́ nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, mo fi lé e lọ́wọ́.
“Ó máa ń ṣẹ́kù,” ó ní, ó pa ọwọ́ dé.
Kò dá a padà.