Rọ́bà Tí Kì Í Tẹ̀

Ó di ọjọ́ kẹta tí ọkọ̀ bàbá mi ti gun orí búlọ́ọ̀kù
nínú àgbàlá Ọ̀gá Basílíò, lẹ́yìn ọjà Wándò, l'Ájàṣẹ́.
Alupíìnì kékeré, aláwọ̀ aró,
ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ ń wo òrùlé rẹ̀ láì na ọrùn.
A ti bọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
ó wá jókòó bí àgbàlagbà tó bọ́ bàtà,
tó ń retí ẹni tí yóò bá a wẹ ẹsẹ̀.

Ohun tó ń ṣe é kò ju àtàǹpàkò lọ.
Sìlẹ́ńbúlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè é níhìn-ín:
rọ́bà roboto tó wà láàárín irin àti irin,
tó ń là wọ́n,
ẹní ń la ìjà kì í sì í ṣàì jẹ nínú ẹ̀ṣẹ́.
Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta,
gbogbo kòtò ọ̀nà Sákẹ́tẹ́,
gbogbo òkúta Pọbẹ̀,
títí ó fi là bí gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́.

Mùníràtù ló fi iná sun èyí tó kọ̀ tí kò jáde.
Ọmọ náà kò tí ì pé ogún ọdún.
Ó so ìborí mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, ó fún ètè pọ̀,
èéfín dúdú yọ, òórùn rẹ̀ há mi lọ́fun:
òórùn ọjọ́ Sátidé tí bàbá mi máa ń gbé mi lọ wo ọ̀sà,
tí yóò ní, "Má fẹsẹ̀ kan ìjókòó yẹn,
a ò tí ì san gbèsè rẹ̀ tán."
Ayùn irin wọ inú òrùka tó kù.
Ó gé, ó gé. Ó sinmi, ó mu omi.
Ó gé.

Inú páálí ni tuntun wà, pupa bí ẹyìn.
Póliyúrétéènì: mo ń pè é lẹ́yọ lẹ́yọ
bí ọmọ kéú tó ń pe háràfí.
Wọ́n ní epo kì í jẹ ẹ́, oòrùn kì í là á,
wọ́n ní yóò kẹ́yìn èmi náà.
Ọ̀gá Basílíò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀.
"Ẹ gbọ́ o," ó ní, "èyí le.
Èyí tó kú yẹn máa ń purọ́ fún ìdí yín,
á gun òkúta tán, á ní kò sí òkúta.
Èyí á sọ gbogbo ohun tó bá rí.
Bí ẹ ò bá sì fún un ní gíríìsì tó,
á máa ké bí ọmọ eku."

A fi gíríìsì pa á títí ó fi dé ìgbònwọ́ wa.
Fáìsì ń tì í díẹ̀díẹ̀,
ó wọlé pẹ̀lú ìró kékeré kan,
bí ìgbà tí ènìyàn gbé itọ́ mì kó tó sọ òótọ́.

Mùníràtù gbé sípánà, ó fẹ́ dì í pinpin lókè níbẹ̀.
"Sọ ọ́ kalẹ̀ ná," ni ọ̀gá wí.
"Jẹ́ kó ru ara rẹ̀ ká tó dì í."
"Ọ̀gá, ti rọ́bà àtijọ́ nìyẹn.
Èyí ń yí fúnra rẹ̀. Mo kà á lára páálí."
Ọ̀gá wo páálí. Ó wo ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín.
"Òótọ́ ni," ó ní. "Sọ ọ́ kalẹ̀."
Ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo wà á gba orí afárá.
Láti kékeré mi tí mo ti ń gùn ún,
n kò mọ̀ pé afárá náà ní oríkèé.
Ẹ̀yìn mi ló ń kà wọ́n: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,
àwọn apẹja ń wò mí láti orí omi,
mo sì ń rántí ọdún tí owó oṣù kò wọlé ní kọ́sítọ́ọ̀mù,
bí bàbá mi ṣe ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀,
tó ń súfèé.

Lẹ́yìn, lápá òsì, nǹkan kan ń ké.
Gíríìsì ò tó níbẹ̀.
Lọ́la, màá padà sí Wándò.