Ọ̀pá Kan Ló Kù

Aago mẹ́ta òru ti kọjá ní Òmù-Àrán,
ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa.
Jẹnẹrétọ̀ mi ń wúkọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,
àwa mẹ́fà ká tẹlifíṣọ̀n kan mọ́
lórí àpótí irinṣẹ́, láàárín ọ̀kadà tí olówó wọn kò wá gbà.

"Bọ́ọ̀lù wo lẹ̀ ń wò tó ṣe ṣónṣó bí odù kòkó,
tí wọ́n ń gbé sáré bí ẹni jí adìyẹ?"
Ohun tí Sàláwù bi wá nìyẹn ní oṣù kẹsàn-án.
Nígbà tó fi di oṣù kejìlá
òun gan-an ló ń bú rẹfirí.

Ọmọ ibí ni Tìámíyù,
ọmọ Àṣàkẹ́ ìdí ọsàn,
ó ga tó férémù ilẹ̀kùn, ó fẹ̀ jù ú lọ.
Ìwé ló bá dé Amẹ́ríkà;
wọ́n wo èjìká rẹ̀, wọ́n ní kó wá dúró níwájú.
Kì í ju bọ́ọ̀lù. Kì í gbá a.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dínà.

Orí bẹ́ǹṣì mi la ti ń tò wọ́n:
nọ́ọ̀tì mọ́kànlá fún tiwa, wáṣà mọ́kànlá fún ọ̀tá.
Nọ́ọ̀tì tó tóbi jù, èyí tó jábọ́ lẹ́sẹ̀ tírélà, ni Tìámíyù.
Mùsílíù télọ̀ ló kọ́kọ́ yé:
"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún ọ láti rin ọ̀pá mẹ́wàá.
Bí o kò bá rìn ín pé,
kó aṣọ oníbàárà fún télọ̀ mìíràn."

Ìdíje kẹtàdínlógún nìyí, àṣekágbá.
Àmì méjì ni wọ́n fi ń nà wá.
Ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ọ̀pá kan ló kù.
Kóòṣì ní kí wọ́n gbá a.
Bọ́ọ̀lù lọ, ó lọ, ó lu òpó, gbàà!
ó já sílẹ̀ bí ọsàn tí kò pọ́n.

Ariwo!
Bàbá Jọláyẹmí fi ọ̀pá ìtilẹ̀ gbá ilẹ̀:
"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni ní jọ́gíráfì!
Atẹ́gùn ìlú yẹn, orí adágún ló ti ń bọ̀.
Ta ní í gbá bọ́ọ̀lù sínú irú rẹ̀?"
Mùsílíù ní, "Kí wọ́n gba ẹ̀yìn Tìámíyù kọjá!
Ọ̀pá kan! Ọ̀pá kan tí kò tó ran bùbá!"
Sàláwù ní irọ́ ni,
ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ lolè ń ba sí;
kí wọ́n ṣe bí ẹni ń lọ ọ̀tún, kí wọ́n jù ú sósì.
Ó ti wáṣà mẹ́ta ṣubú níbi tó ti ń ṣàlàyé.

Àṣàkẹ́ jókòó lórí táyà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti bi wá léèrè rí:
"Ṣé kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ọ̀hún ni?"
A ní rárá, ìyá.
Ó mi orí. "Ẹni tó di àkàbà mú náà ká nínú ọsàn."

Lóru yìí ó jẹ́ kí a jiyàn títí ohùn fi há.
Ó ní, "Ẹ̀yin ń ka ọ̀pá, ẹ̀ ń ka àmì.
Èmi, ìgbà tó bá dìde ni mò ń kà.
Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínláàádọ́rin ni wọ́n wó lù ú lálẹ́ yìí.
Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínláàádọ́rin ló dìde."
Ó so gèlè rẹ̀ mọ́ etí nítorí òtútù,
ó bọ́ sọ́nà kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.
A gbọ́ bàtà rẹ̀ títí kò fi dún mọ́.

Mùsílíù ṣì ń sọ̀rọ̀ ọ̀pá kan.

Ọjọ́ kejì, awakọ̀ tírélà kan yà,
ó tọ́ka sí orí bẹ́ǹṣì mi, ó ní nọ́ọ̀tì tí òun ń wá rè é.
Mo ní kì í ṣe títà.
Ó wò mí bí ẹni tí orí ń dà.
Mo júwe ọ̀nà Àjàṣẹ́ fún un.