Ọmọ Agékọ́kọ́rọ́

Ní Mákún, ní Ṣágámù, lábẹ́ agbòòrùn tó ti ya,
bàbá mi ń gé kọ́kọ́rọ́.
Ohùn fáìlì a máa han gooro,
eruku idẹ á bà lé e nírùngbọ̀n,
á dà bí ẹni tó mu gàrí láì nu ẹnu.

Èmi náà ń gé kọ́kọ́rọ́ báyìí.
Fáìlì tèmi kì í ké.

Ìwé àwọn olóbì Sábó wà lọ́wọ́ mi:
apẹ̀rẹ̀ mélòó ló gba Kánò lọ, ta ló jẹ gbèsè,
ta ló san ìdajì tó ń fi Ọlọ́run búra.
Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sí ní Sábó.
Jámánì ló wà, nínú yàrá tútù kan;
n kò mọ ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀.
Ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo la fi ń wọlé tẹ́lẹ̀,
orúkọ Ìyá Ẹgbẹ́ àti ọdún tí wọ́n bí i.
Ta ni kò mọ ọdún tí wọ́n bí Ìyá Ẹgbẹ́?
Lóru, àwọn tí a kò pè ń kan ilẹ̀kùn,
ìgbà ẹgbàá kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo kà á nínú àkọsílẹ̀, oorun dá lójú mi.

Mo ní kí kọ̀ǹpútà bí ìbejì fún mi.
Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti bí wọn.
Ó ya àwòrán wọn sínú àpótí kékeré,
tótótó, bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí ẹlùbọ́ tí a sá.
Ọ̀kan ni àgádágodo: ẹ gbé e kọ́ Jámánì,
ẹ gbé e kọ́ ibi tó wù yín, ojú kò tì í.
Èkejì ni kọ́kọ́rọ́. Kì í jáde nílé.
Mo fi ẹgbẹ̀ta dè é:
èmi nìkan ni kí n kà á, kí n kọ ọ́;
fún ẹbí, òdo; fún ará ìta, òdo.
Mo tún fi gbólóhùn kan bò ó lórí,
ohun tí ìyá mi máa ń sọ bí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà oko.
Ẹ má bi mí pé kí ni.

Ó ku ẹ̀rọ kejì, tó wà lọ́dọ̀ Ọ̀náyẹmí ní Ìkẹ́nnẹ́.
Odùṣínà ni mo bẹ̀ níṣẹ́,
àbúrò mi, tí orúkọ rẹ̀ ti ń ṣínà kó tó mọ̀ ọ́n rìn.
Mo ní, "Èyí tó ní ìrù ni kó o fi ránṣẹ́ o."
Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Ó ń kánjú.
Ó mú èyí tí kò nírù,
kò sì fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀náyẹmí,
àárín àwọn olóbì ló jù ú sí, lórí Wáásápù,
èèyàn mọ́kànléláàádọ́rin.
Àlhájì Ṣẹ̀ú fèsì láti Kánò: "Àmín."

Mo sáré lọ sí Mákún.
Bàbá mi kò gbójú sókè.
"Ṣé o lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn?"
"Rárá."
"Kí lo wá ń ṣe níbí? Lọ pààrọ̀ àgádágodo."

Lóru ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà tún bí ìbejì.
Mo gbé àgádágodo tuntun kọ́,
ṣùgbọ́n n kò ti fèrèsé tí mo bá wọlé;
ẹni tó ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ kì í dúró síta.
Mo ṣí fèrèsé kejì, mo kanlẹ̀kùn bí àlejò.
Ó bi mí ní gbólóhùn ìyá mi.
Mo dáhùn.
Ó ṣí.
Ìgbà yẹn ni mo tó pa ìlà àtijọ́ rẹ́,
tí mo sì di ojú ihò ọ̀rọ̀ aṣínà pátápátá.

Wọ́n ṣì ń kànlẹ̀kùn. Kí wọ́n máa kàn án.
Odùṣínà ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ÌRÙ gàgàrà sára ògiri.
Àlhájì Ṣẹ̀ú sì ń bèèrè
ìgbà tí a ó fi àdúrà míì ránṣẹ́.