Ìwé Pupa Ìyá Ṣówándé

Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà,
àfi páànù àtijọ́ kan tó fi ìṣó kàn mọ́ ògiri;
ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n.
Ní Búfálò ni, apá ìlà-oòrùn,
níbi tí ilé mẹ́ta ti jóná tí ẹnikẹ́ni kò tún wọn kọ́,
tí yìnyín ń ti orí adágún wọ̀lú
bí àlejò tí kì í kanlẹ̀kùn.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì.
Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ oúnjẹ olówó kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.
Nínú àjẹkù ló ti ń ka ohun tí wọn kò fẹ́.
Báńkì bi í pé kí ni yóò fi ṣe ìdógò.
Ó ní, "Ìkòkò."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èmi tí mò ń sọ yìí, ẹ̀wọ̀n ni mo ti dé.
Kò bi mí ní ohun tí mo ṣe. Ó ní,
"Ṣé o lè gé àlùbọ́sà?"
Mo ní mo lè gé e.
"Ó dáa. Ibẹ̀ la ti ń sunkún níbí,
ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ léèrè ìdí."

Kì í ṣe áńgẹ́lì o.
Ó ti ju ìgbakọ lù mí rí nítorí iyọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mejì lowó oṣù wa pẹ́, mo bínú lọ,
mo padà: òtútù kò jẹ́ kí ìbínú mi gbóná tó.

Gbogbo ẹni tó bá jẹun ló ń gba ìwé owó,
a ó ká a mẹ́rin, a ó fi sábẹ́ ife.
Ti àwọn kan, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.
Nọ́ Ẹ̀-Pọ̀ tó ń gbé abọ́ nìkan ló mọ ti ta ni,
Nọ́ Ẹ̀-Pọ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀.

Pásítọ̀ kan fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà gígùn kí wọ́n tó jẹun.
"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, sà,
ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ kọ́kọ́ wàásù."

Ọ̀sẹ̀ tí yìnyín sé títì pa,
ẹran ìgbéyàwó ẹnìkan ló sè fáwọn awakọ̀ àjàgbé.
Ó ní ìyàwó á ṣì rí ẹran mìíràn jẹ,
ẹni tí òtútù bá pa kò ní jẹ mọ́.
Ìyàwó náà pe lọ́yà.
Ìlú fún un ní àmì-ẹ̀yẹ, igi dídán, lẹ́tà wúrà;
ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀,
ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé pupa abẹ́ kàǹtà,
tí gbogbo wa ń bẹ̀rù: a rò pé gbèsè wa ni.
Mo ṣí i.
*Kówásìkí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ààbọ̀ búrẹ́dì. N kò tíì san.*
*Obìnrin kan, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kan, ti òsì. N kò tíì san.*
Ojú ewé mẹ́rìnlélógójì.

Mo ṣí èyí tó kàn, kí n kọ orúkọ rẹ̀.
Bírò kò kọ, òtútù ti mú un.
Mo fi í sẹ́nu,
mò ń fi èémí yọ́ ọ.