Àpótí Tó Ń Rùn Bí Ẹja

Ní Achao, ní erékùṣù tí òjò kì í gbàgbé,
yàrá kan ṣoṣo ni ilé rédíò wa:
màkírófóònù kan, àga mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kan
tí àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí eyín amusìgá.
Agogo méje alẹ́ ló máa ń sọ ti afẹ́fẹ́
fún àwọn tó fẹ́ jí wọ omi.
Agogo méje alẹ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Kò kú pátápátá. Ìyẹn ì bá rọrùn.
Ó ń dákú, ó ń jí, ó tún ń dákú
láàárín ọ̀rọ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe nílé àna.
Don Eleuterio á gbé ìwé sójú, á máa ka ìjì
bí ẹni tí kò rí lẹ́tà dáadáa.

Wọ́n ní ológbò ni, torí orí rẹ̀ ló ń sùn.
Wọ́n ní àrùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni.
Èmi ní ìrántí rẹ̀ ni: mo yọ ọ́, mo fi rọ́bà ìparẹ́ nu eyín rẹ̀,
mo gbọn eruku tó tó fi rọ ìrọ̀rí.
Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Mo ti ń rìn bí dókítà.
Ọjọ́ kẹta, agogo méje, ṣókùnkùn.

Nélida Oyarzo wá láti ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Baldomero,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.
Kò bi mí pé kí ló ń ṣe é.
Ó ní, "Ìgbà wo ló ń ṣe é?"
Mo ní, ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn.
"Bí kò bá níṣẹ́ ńkọ́?"
Mo ní, ara rẹ̀ á le koko.
"A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ọmọ.
Ebi ló ń pa á. Wo ẹni tó ń bọ́ ọ."

Ó fa okùn iná yọ lára ògiri kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.
Ó na ìkọ́ ìwé kan, ó fi so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú,
kí àpótí iná lè rò pé ẹnìkan ti tẹ bọ́tìnnì.
Ó dá iná padà. Fáànù yí. Mo pariwo.
"Ẹni tó dìde jókòó lórí ibùsùn," ló wí, "kò tíì ru igi."
Ó gbé ẹrù kọ́ ọ lọ́rùn, ó fi mítà sí i:
méjìlá, mọ́kànlá,
ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn,
mẹ́wàá àti ààbọ̀. Fáànù mí kanlẹ̀, ó dúró.
"Ìka tó ṣẹ̀ rèé."

Kò ṣí i. Ó ní òkú yìí ṣì lè gbá èèyàn mú.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì gba ojú ihò:
àwọn agolo kéékèèké, orí wọn wú bíi búrẹ́dì,
omi rúsúrúsú ń jò nídìí ọ̀kan.
Ó fa imú sí i. Ẹja.
Oṣù mẹ́ta ló ti ń rùn bí ẹja!
Ní Achao, níbi tí òórùn ẹja wà lára aṣọ ìgbéyàwó,
tó wà lára Bíbélì ṣọ́ọ̀ṣì,
ta ni ì bá gbọ́ ẹkún rẹ̀?

Mo sọdá omi lọ sí Castro.
Oníṣọ́ọ̀bù gbé méjì síta, nọ́ńbà kan náà lára wọn,
owó ọ̀kan kò ju ìdajì èkejì.
Mo gbé wọn lọ́wọ́ bí Nélida ṣe kọ́ mi.
Èyí tó fúyẹ́ ń purọ́.
Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o;
àwa tí òjò ni tiwa ńkọ́?

Mo dè é. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan.
Nélida wo òkè àjà, ó ń súfèé
títí mo fi rí wáyà kékeré tó ń bọ́ ọpọlọ
tó ń mì dirodiro, tí n kò so.

Agogo méje: afẹ́fẹ́ láti àríwá ìwọ̀ oòrùn,
ìgbì mítà mẹ́rin, kí ọkọ̀ kékeré má jáde.
Ó sọ ọ́ tán.
Obìnrin kan ṣoṣo ló pè. Ó ní ohùn Don Eleuterio
dùn ún gbọ́ ju èyí lọ.
Mo ka ọkọ̀ létí omi láti ojú fèrèsé: mọ́kànlélógún,
gbogbo wọn ṣì so mọ́ òpó, ti Baldomero náà.
Ológbò ti padà sórí kọ̀ǹpútà.