Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Ara Ògiri

Ìṣó mẹ́rin ló gbé àwòrán náà dúró
ní kíláàsì kẹta, ní Ìtòkò.
Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi.
Ọmọdékùnrin kan ń fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lómi mu;
ikán ti jẹ etí ẹran náà kan,
bàtà ọmọ náà sì ń dán ju ti ọ̀gá ilé-ìwé wa lọ.

A kò rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí.
Ṣóléyẹ ní màlúù ni, ebi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.
Tíṣà Ṣówándé ò rẹ́rìn-ín.
Ó na ọ̀pá rẹ̀, ọ̀pá kan náà tó fi ń nà wá,
ó rọra fi kan garawa inú àwòrán:
“Ta ló pọn omi yìí?
Ṣé ẹran náà bẹ̀ ẹ́ ni?”

Kẹ́kẹ́ pa.
Kànnàkànnà ń bẹ lápò ṣòkòtò mi.
Aláǹgbá méjì ti kú lọ́wọ́ mi láàárọ̀
lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa.

Nígbà tí a jáde, ewúrẹ́ Ìyá Mojísọ́lá
ti fi okùn ọrùn rẹ̀ há sáàárín òkúta,
ahọ́n rẹ̀ funfun bí ẹfun.
Mo tú u. Mo fi agolo tòmátò bu omi wá.
Ó mu ún tán,
ó kàn mí lórúnkún, ẹ̀jẹ̀ jáde.
Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúpẹ́.

Mo tiro padà
lọ bu òmíràn.