Ìjókòó Wákàtí Mẹ́rin

Bánjókòó, àbúrò mi, mo ti jókòó.
Abẹ́rẹ́ kan wà ní apá ọ̀tún, òmíràn ní apá òsì,
imú ń yún mi, mi ò lè họ ọ́.
Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ mi ń yí, ó ń kùn bí ẹni tó ń ka owó,
ó ń gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ, ó ń dá a padà,
ohun tó ń ṣà nínú rẹ̀, ojú lásán kò lè rí i.

"Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni wọ́n," ni nọ́ọ̀sì Mọ́rín wí,
"wọn ò tíì yan iṣẹ́."
Mo rántí ara mi lọ́mọ ogún ọdún,
tí Bàámi ń bi mí láti Ìkìrun, lórí fóònù, pé kí ni mo fẹ́ dà,
tí mò ń dáhùn pé ẹ ní sùúrù.
Irin tí kò tíì wọ iná:
ó lè di ọkọ́, ó lè di abẹ́rẹ́.

Òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé. Ṣẹ́fíìdì tutù.
Ìlú yìí ni wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ láyé àtijọ́,
wọ́n rọ ṣíbí, wọ́n rọ dòjé,
wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sílùú onílùú.
Ta ló wá rọ dòjé kéékèèké sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ?
Nínú oṣù Kejìlá, tá a bá gun òkè ilé ìwé dé ìdajì,
wàá dúró, wàá di ògiri mú,
èmi á sì pariwo: "Ọ̀lẹ! Bọ́ọ̀sì ń lọ!"
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà.
Mi ò fi ìyẹn ṣe àwáwí.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn ìyá wa ń pè é,
bí ẹni pé kíkú nìkan ló le, pé dídìde rọrùn.
Mo ti rí ọ tí ò ń dìde.

Wọ́n ti ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn lójoojúmọ́
kí mùdùnmúdùn egungun mi lè ṣílẹ̀kùn.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, itan mi ń ké, ẹ̀yìn mi ń ké,
mo jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, mo sunkún,
mo ní: ṣé èyí náà nìyẹn?
Èyí ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Lókè, ní àjà kẹta, irun ti tán lórí rẹ,
oògùn ti gbá inú egungun rẹ mọ́ bí ilé tí àlejò fẹ́ wọ̀.
O fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi:
"Tí ẹ̀jẹ̀ obìnrin bá wọ ara mi,
ṣé èmi náà á wá máa pẹ́ nínú bálùwẹ̀?"
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ han, Mọ́rín ní kí n má mira.

Àpò tó ń kún lókè orí mi kéré,
àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ ata tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀.
Dókítà kò ṣèlérí. Ara lè gbà á, ara lè kọ̀ ọ́.
Ó ní ká máa ka ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì yan iṣẹ́,
ẹ bá mi yan ẹyọ kan péré:
ẹ rí róbótó. Ẹ jẹ́ kó gun òkè.

Lẹ́yìn àwọn méjì tí kò dúró ni Ìyá wa sọ ọ́ ní Bánjókòó.
Mo jókòó.
Ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Imú ṣì ń yún mi.